Ẹja Onílà Mẹ́tàdínlógójì

Fọláṣadé elépo ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà dé ìsọ̀ Morọ́láyọ̀ ní ọjà Ekiosa, ní Benin. Ó ní wọ́n ṣí adágún Baba Ehigie fún ẹja pípa láàárọ̀ àná. Ọgbọ̀n ọkùnrin ló ju àwọ̀n, wọ́n fà á títí oòrùn fi kan àtàrí, wọ́n sì rí ẹja kó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí wọ́n là, akọ ni.

"Akọ kẹ̀?"

"Akọ pọ́ńbélé. Wọn ò rí abo kan ṣoṣo." Fọláṣadé bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Bùkọ́lá, ó jọ pé àwọn obìnrin odò ti kọ ọkọ, wọ́n ti kẹ́rù. Àbí ọ̀dọ̀ tìẹ ni wọ́n sá wá?"

Àwàdà ló ń ṣe. Morọ́láyọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó fa àpò ìrẹsì bo atẹ ẹja gbígbẹ tó wà níwájú rẹ̀, ó ní kí Fọláṣadé lọ wo epo rẹ̀ kí wọ́n má jí i.

Adágún yẹn wà lẹ́yìn oko rọ́bà, níbi tí Siluko Road ti ń di igbó. Ìdílé Baba Ehigie ló ni ín, òfin rẹ̀ kò sì ṣòro. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wọ́n á tì í, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀ sí i títí ọyẹ́ yóò fi dé. Bí wọ́n bá ṣí i, ẹja kékeré, wọ́n á dá a padà. Àrọ̀ tó bá ní ẹyin nínú, Baba Ehigie á fi bíléèdì kọ ilà méjì sí i ní ìrù, á tú u sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó ti di ìyá adágún. Ìgbàkígbà tí àwọ̀n bá tún gbé e, ìbáà ní ẹyin, ìbáà má ní, omi ló ń padà sí. "Ẹ ti jẹ ìyá tán," ni Baba Ehigie máa ń wí, "níbo lẹ fẹ́ kí ọmọ gbà wá?"

Morọ́láyọ̀ mọ òfin náà. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún kẹjọ rèé tí Àbúdù ọkọ rẹ̀ ti kú, tó fi òun àti ọmọ sílẹ̀ nílùú onílùú, ọjà ò sì mọ opó. Nígbà òjò ọdún 1978 yẹn, nígbà tí adágún wà ní títì, Èṣùbíyì, apẹja kan tó ń yọ́ wọ adágún lóru, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ gbé àrọ̀ wá fún un, èyí tó tóbi bí ọwọ́ àgbà, tí ikùn wọn kún fọ́fọ́. Àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn ẹyin ẹja. Ilà méjì wà ní ìrù gbogbo wọn.

"Ìyá, ilà yìí ńkọ́?" ni Èṣùbíyì bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"O ò mọ bí wọ́n ṣe ń yan àrọ̀?"

Bí wọ́n ṣe ń yan àrọ̀ ni pé wọ́n á ká a bí òṣùká, wọ́n á ti ìrù rẹ̀ bọ ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi igi gún un kó má baà tú. Ibi tí ilà wà gan-an ni ẹnu ẹja ń gbé mì. Ta ló ń ya ẹnu òkú ẹja wo ìrù?

Lọ́jọ́ kejì tí Fọláṣadé mú ìròyìn wá, obìnrin kan dúró níwájú atẹ.

Ohun tí Morọ́láyọ̀ kọ́kọ́ rí ni pé eṣinṣin ta kúrò. Gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì padà. Lẹ́yìn náà ló rí etí ìró obìnrin náà. Ó rin gbingbin. Ọyẹ́ ni o, ètè gbogbo èèyàn ti là, kò sí ìkán omi kan lójú ọ̀nà Ekiosa.

"Ẹ wá ra ẹja, ìyá. Ó gbẹ dáadáa."

Obìnrin náà mú ẹja kan, ó yọ igi ara rẹ̀, ó sì fa ìrù jáde lẹ́nu rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gba nǹkan lẹ́nu ọmọ tó sùn. Ó fi ìka wá ilà méjèèjì. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn.

"Ẹ máa bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Mẹ́sàn-án rèé," ni obìnrin náà wí. Yorùbá Ìkirè ló sọ, ti àdúgbò tí wọ́n gbé bí Morọ́láyọ̀ gan-an, èyí tí kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ìgbà tó ti dé Benin. "Méjìdínlọ́gbọ̀n ti wà nínú àwọn èèyàn. Mẹ́tàdínlógójì lo jẹ."

Morọ́láyọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa igi tó bọ́. Nígbà tó gbórí sókè, kò rí i mọ́. Ilẹ̀ ibi tó dúró sí tutù, ó ń rùn bí ẹrẹ̀.

Ó gbé ẹja tó kù lọ sílé, ó tẹ́ wọn sórí wáyà ìyanja, ó sì ti ìrù wọn padà bọnu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti tú. Ẹja tó ti gbẹ bí igi, tí ì bá dá sí méjì bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ nà án, nà gbọnrangandan láìsán. Orí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kọjú sí ọ̀nà Siluko.

Ó sáré lọ wá Èṣùbíyì. Ó bá a níbi tó ti ń di ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́.

"Orè ni mò ń lọ, Ìyá. Ẹnì kan ń kà lẹ́yìn mi."

"Kí ló ń kà?"

"Bí mo bá ti gun kẹ̀kẹ́ báyìí, á jókòó sẹ́yìn. Mo ń gbọ́ ọ. Ẹ má bi mí mọ́."

Morọ́láyọ̀ ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá pè é pé kó máa bọ̀ ní Uwasota, àdúgbò tí ọmọ rẹ̀ ń gbé.

Adébùkọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nínú oyún oṣù kẹjọ. Ìbejì ni. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Olúfẹ́mi ọkọ rẹ̀, akọ̀wé báńkì, ti ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ méjì. Morọ́láyọ̀ bá ọmọ rẹ̀ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn kékeré kan, ó di ikùn mú.

"Mama, dem no dey move again," ni Adébùkọ́lá wí. Benin ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó ń gbọ́ Yorùbá, kì í fi í dáhùn. "Since yesterday."

Olúfúnkẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fa Morọ́láyọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ṣì ń gbọ́ ọkàn méjèèjì, Mama. Ṣùgbọ́n ó jìnnà, bí ẹni pé omi pọ̀ láàárín wa. Àwọn ọmọ náà sì ti ká. Mo fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn wà lẹ́nu wọn."

Morọ́láyọ̀ ò sunkún. Ó ró ìró rẹ̀ le, ó wọ mọ́tò lọ sí oko rọ́bà.

Baba Ehigie gbọ́ Yorùbá tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn agégẹdú. Ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, kò bú u. Ìyẹn gan-an ló ba Morọ́láyọ̀ lẹ́rù.

"Ta ló ka iye rẹ̀ fún ọ?"

"Obìnrin kan, Baba. Ìró rẹ̀ tutù."

"A ò ní obìnrin tó ń ṣọ́ adágún," ni bàbá náà wí. "Lọ wá abo mẹ́tàdínlógójì, ààyè, olóyún ẹyin. Ọwọ́ ara rẹ ni kó o fi tú wọn sílẹ̀, níkọ̀ọ̀kan."

Ta ló ń rí àrọ̀ ẹlẹ́yin nínú ọyẹ́? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wá a. Ó gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin etí odò Ovia, ó gbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń sin ẹja ọ̀sìn nínú kòtò, ó tẹ ikùn ẹja kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹ jẹ. Lọ́jọ́ kẹwàá, dẹ́rẹ́bà kan bá a gbé dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta dé etí omi. Dẹ́rẹ́bà náà àti Baba Ehigie padà sábẹ́ igi rọ́bà. Wọn ò fẹ́ sún mọ́ ọn.

Ọ̀sán gangan ni. Adágún náà dúdú, kò mì. Morọ́láyọ̀ wọnú rẹ̀ dé orúnkún, ó tú àkọ́kọ́ sílẹ̀.

"Ení," ni ohùn kan wí.

Obìnrin náà wà láàárín omi, omi mù ún dé ìbàdí. Morọ́láyọ̀ ò wo ojú rẹ̀. Ó padà síbi dúrọ́ọ̀mù, ó gbé òmíràn. Ẹja kọ̀ọ̀kan á fara ti ojúgun rẹ̀ díẹ̀ kó tó lọ, bí ọmọ tó fẹ́ béèrè nǹkan. Ó lọ, ó bọ̀, títí ìbàdí fi fẹ́ẹ̀ já, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kú tipiri. Ohùn yẹn ò ṣì í kà.

"Mẹ́tàdínlógójì," ni obìnrin náà wí níkẹyìn.

"Ó pé," ni Morọ́láyọ̀ wí.

"Ó pé. Èènì ńkọ́?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Morọ́láyọ̀. Ogún ọdún ló ti fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu oníbàárà láràárọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀, ẹnu ọjà ló sì fi dáhùn kó tó mọ̀ pé òun lahùn.

"Mú èyí tó bá wù ẹ́."

Omi pa dé. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Ó yíjú wo ẹ̀yìn. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣófo, kò sí ẹja kankan mọ́ tí wọ́n lè fi ṣe èènì.

Ó dúró nínú omi yẹn, ó ń wo dúrọ́ọ̀mù, ohun tó ṣẹlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé e díẹ̀díẹ̀. Ó pariwo pé òun ò tà mọ́, òun ti yí ọ̀rọ̀ padà.

Nígbà tó dé Uwasota, Olúfẹ́mi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó. "Ẹ kú ìrìn, Mama. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń tàpá! Wọ́n nà, ìrọbí sì mú un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀." Igbe ọmọ jáde láti inú yàrá, ó le, ó lágbára. Ọkùnrin náà fò sókè.

Wọ́n dúró de igbe kejì. Wọ́n dúró pẹ́.

Olúfúnkẹ́ ló ṣílẹ̀kùn. Ó gbé ọmọbìnrin kan dání. "Méjì ni mo gbọ́," ni ó ń wí, kì í ṣe fún ẹnì kan pàtó. "Etí mi yìí ló gbọ́ ọkàn méjì, títí di ọ̀sán yìí. Omi ló jáde tẹ̀ lé e. Omi lásán, ó tutù bíi yìnyín."

Òórùn ẹrẹ̀ gba inú yàrá náà. Adébùkọ́lá gbórí sókè lórí ibùsùn, ó wo apá nọ́ọ̀sì, ó wo ilẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti kékeré, Yorùbá ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ìkejì ńkọ́?"

Morọ́láyọ̀ fi ọwọ́ tó ṣì ń rùn bí ẹja gba ọmọ tó kù mọ́ra.

"Mo ti san án," ni ó wí. "Mo ti san án tán."