Àtẹ́lẹwọ́ Lórí Àpótí Irin

Ayùn irin ń ké fín-ín fín-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ti sú gbogbo àwọn tó yá yàrá nínú ilé náà ní Igbudu. Ọlámigòkè kò dáwọ́ dúró. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ń gé ẹ̀yìn àpótí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ọjọ́ ti sọ àwọ̀ funfun rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Marvellous, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní SS2, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Guy, na fridge you dey repair?" ni ó bi í. "Throw that iron away. New casing full Enerhen."

"Baba no gree," ni Ọlámigòkè fèsì.

Bàbá Bọ́dúnrìn, bàbá ìyá rẹ̀, ló ni àpótí náà. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, iṣẹ́ títẹ̀wé ni wọ́n sì fi tọ́ ọmọ ní Warri. Ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ṣùgbọ́n ìka wọn mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà. Àwọn ìjọ etí omi ṣì ń gbé ìwé orin àti ètò ìsìnkú wá fún wọn. Sharon, ẹ̀gbọ́n Ọlámigòkè, a máa kà á sí wọn létí, Bàbá a sì máa tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ náà ti kú, iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń jẹun.

Nígbà tí inú kọ̀ǹpútà náà kú pátápátá, mọ̀lẹ́bí wọn kan ní àdúgbò Ìjàlá fún wọn ní bọ́ọ̀dù ìgbàlódé tí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́, fáànù àti àwọn ẹ̀yà mìíràn láti ọ́fíìsì kan tí wọ́n tì pa. Bàbá gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Ọlámigòkè kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí àtijọ́ náà.

"Bó o bá gbé òmíràn wá, ìwọ ni wàá máa bá mi tàn án," ni wọ́n wí. "Èyí ni ọwọ́ mi mọ̀."

Ọwọ́ wọn mọ súìṣì ńlá iwájú rẹ̀, tó máa ń dún kọ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó sì mọ orí àpótí náà. Níwọ̀n bí wọn kò ti lè rí iná kékeré tó ń tàn níwájú, wọ́n máa ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn sórí irin náà títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ń gbọ̀n. Ìgbà náà ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé.

Ihò bọ́ọ̀dù tuntun náà kò bá ihò àpótí mu. Ọlámigòkè lu ihò mìíràn, ó gé ibi tó yẹ ní gígé, ohun gbogbo sì jókòó dáadáa. Ó wá ku súìṣì. Nínú kọ̀ǹpútà ìgbàlódé, iná tí kò tó nǹkan ló ń gba inú súìṣì kọjá, ṣùgbọ́n nínú ti àtijọ́ yìí, iná ilé gan-an ni. Ọlámigòkè mọ bó ṣe máa ṣe é. Ó so wáyà iná mọ́ súìṣì náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì ṣètò bọ́ọ̀dù náà kó máa jí fúnra rẹ̀ bí iná bá ti dé. Ó tàn. Inú rẹ̀ dùn.

Ṣùgbọ́n ojú ibi tó ti so wáyà náà wà ní ìhòòhò, ó sì sún mọ́ irin. Téèpù dúdú tí àwọn oníná ń lò ló yẹ kó fi dì í, tiwọn nílé sì ti tán. Enerhen, níbi tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà pọ̀ sí ní Warri, ni yóò ti ra òmíràn.

Marvellous kò fẹ́ dúró. Ìdíje kan wà lórí fóònù láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń to kọ̀ǹpútà ní Warri, wọn kò sì ní pẹ́ dẹ́kun gbígba àwòrán kọ̀ǹpútà tí oníkálukú tò.

"Close am make we snap," ni ó wí. "Who wan look inside?"

Ọlámigòkè mú sẹ́lótéèpù tó fi ń lẹ ìwé, ó fi wé wáyà náà. Sharon gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú korobá aṣọ, ó sì dúró.

"Sẹ́lótéèpù lo fi di wáyà iná?"

"Sista, I go change am when I come back."

"Yọ ọ́ lára iná kó o tó jáde, kó o sì sọ fún Bàbá kí wọ́n má fọwọ́ kàn án."

Ó ní òun ti gbọ́. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà, wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ó pa súìṣì, wọ́n sì sáré lọ sí Enerhen, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, láti fi í ránṣẹ́. Kò yọ ọ́ lára iná. Kò sọ fún Bàbá, tí wọ́n ń múra nínú yàrá láti lọ sí ìpàdé ìjọ.

Ìyìn ń rọ́ wọlé sórí fóònù Marvellous nígbà tí Sharon pe Ọlámigòkè. Ó ní kó máa bọ̀ nílé, ó sì pa ìpè náà.

Bàbá ti dé láti ìpàdé ìjọ. Wọ́n tẹ súìṣì, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí irin bí ìṣe wọn. Sẹ́lótéèpù náà ti tú, wáyà sì ti kan irin. Iná gbé wọn. Sharon gbọ́ tí àga wó, ó sáré wọlé, ó pa sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kí ọwọ́ wọn tó lè kúrò níbẹ̀.

Wọn kò kú. Ṣùgbọ́n iná ti jó iṣan àtẹ́lẹwọ́ wọn, ìka mẹ́ta sì ká kò, wọn kò nà mọ́. Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bàbá ní irin àtijọ́ ni. Sharon wo Ọlámigòkè, ó ń retí kó jẹ́wọ́. Ọlámigòkè ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé, díákónì kan gbé orin ìkórè wá fún títẹ̀. Bàbá na ọwọ́ náà sí i kó wò ó, wọ́n ní kó wá ẹlòmíràn. Nígbà tí ó lọ tán, Ọlámigòkè dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, èmi ni. Mo mọ̀ pé wáyà yẹn ò dáa, mo sì fi í sílẹ̀."

"Mo ti mọ̀," ni Bàbá wí. "Ẹnu rẹ ni mò ń dúró dè. Mo ti dárí jì ọ́, Ọlámi. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ò lè na ìka mi."



Sharon fi ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ fún ìdánwò JAMB sílẹ̀, ó ń ta gààrí ní ọjà Igbudu. Ọlámigòkè gbìyànjú láti máa tẹ̀wé dípò Bàbá, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, àṣìṣe rẹ̀ pọ̀, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá sì ń dín kù. Àwòrán rẹ̀ ló gba ipò kìíní nínú ìdíje náà. Kò fi han ẹnì kankan nílé.

Ó mọṣẹ́. Gbogbo ohun tó ṣe ló dára, àfi ibi kékeré kan tí àwòrán kò lè fi hàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń ṣe ohun tí ẹlòmíràn yóò fọwọ́ kàn, ẹ parí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó wá ẹni tí yóò yìn yín. Àwọn tó yin Ọlámigòkè kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀.