Ọmọ Tí Ó Wà Nínú Dígí Ọkọ̀

Ayọ̀ọlá kò mọ̀ bóyá òun rí ọmọ náà tàbí òun kò rí i. Bí ó ti sọ ọ́ fún Fọláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ gan-an nìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó ti àwo ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà. Ó ní bí òun ti fẹ́ fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ jáde ní àárọ̀, òun gbójú sókè wo dígí, òun sì rí ọmọbìnrin kékeré kan tí ó lóṣòó sẹ́yìn ọkọ̀, tí ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ̀yìn ni ó kọ sí òun. Aṣọ àwọ̀ ìyeyè ni ó wọ̀, àpò pupa kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà. Òun tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, òun sọ̀ kalẹ̀, òun lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ṣì ní ilà ìgbálẹ̀ lára, kò sì sí ẹsẹ̀ ọmọdé kankan tí ó tẹ̀ ẹ́.

Fọláyọ̀ ju ẹ̀wà kan tí kòkòrò ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ṣé ọmọ náà jọ yín?”

“Kó jọ mi báwo?”

“Mo kàn ń bèèrè ni. Bí ọmọ tí a kò mọ̀ bá ń jókòó sẹ́yìn mọ́tò ọkọ mi láàárọ̀, ó yẹ kí n mọ ìyá rẹ̀.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó yẹ kí a sọ irú ènìyàn tí Ayọ̀ọlá jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni kí ó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀, bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń kọlu dígí, àti ọ̀nà tí ó ń gbà padà sínú ojú wa. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Bí ẹ bá bi í bóyá òjò yóò rọ̀, yóò wo ojú ọ̀run pẹ́, yóò sì sọ ìdí tí ó fi lè rọ̀ àti ìdí tí kò fi lè rọ̀, títí òjò yóò fi pa yín. Irú ọkùnrin báyìí kì í déédéé pe ohun tí ó rí ní iwin. Kì í sì í déédéé sọ pé kì í ṣe iwin.

Agboolé wọn wà ní Ìrẹmọ, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ó mú ìyàwó rẹ̀ wá. Nígbà tí ó ra ọkọ̀ rẹ̀, tòkunbọ̀ kékeré kan tí ó ní àwọ̀ eérú, Bàbá Adésọjí tí í ṣe olórí ẹbí pàṣẹ pé kí wọ́n wó apá kan lára ògiri agboolé kí ọkọ̀ náà lè wọ àgbàlá. Ọkọ̀ náà ni àkọ́kọ́ tí yóò sùn nínú agboolé náà láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó, Bàbá kò sì fẹ́ kí ó sun ìta. Ìdí kejì wà tí Bàbá kì í sọ sókè. Egungun ìbàdí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ọkọ̀ bá lè dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kò ní fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé títì níṣojú gbogbo àdúgbò kí ó tó rí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Àlàfo tí wọ́n wó náà fún. Iwájú ni ọkọ̀ fi ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ni ó sì fi ń jáde ní àárọ̀, nítorí àgbàlá kò fẹ̀ tó láti yí i po.

Eré kan wà tí Ayọ̀ọlá fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá dé ẹnu àlàfo, yóò dúró, yóò sì fọn fèrè ọkọ̀. Kí fèrè náà tó dákẹ́, àwọn ọmọ agboolé yóò ti tú jáde láti inú yàrá gbogbo bí òròmọdìyẹ tí a da ọkà sílẹ̀ fún. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan bùútù lẹ́yìn ọkọ̀ ni yóò jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ayọ̀ọlá bí ọkọ̀ ti ń rọra wọlé, àwọn yòókù yóò sì há ara wọn mọ́ ẹ̀yìn. Tẹniọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Fọláyọ̀ bí, kò borí rí. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú. Lójoojúmọ́ ni ó ń ké pé lọ́la òun ni, lójoojúmọ́ náà ni ó sì ń jókòó sórí itan ọmọ ẹlòmíràn lẹ́yìn. Ní àárọ̀, kí Ayọ̀ọlá tó fi ẹ̀yìn jáde, yóò tún fọn fèrè yìí kan náà, kí ẹni tí ó bá wà lọ́nà lè yà.

Ọmọ inú dígí padà wá. Ó wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún wá lẹ́yìn náà, títí ó fi di pé Ayọ̀ọlá ń retí rẹ̀ bí ènìyàn ti ń retí aládùúgbò. Ìgbà gbogbo ni ó ń lóṣòó, ìgbà gbogbo ni ó ń ṣa òkúta. Kò bẹ̀rù ohunkóhun. Nígbà mìíràn èjìká rẹ̀ a máa mì bí ti ọmọ tí ó ń dá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn kan kì í jáde. Ohun tí Ayọ̀ọlá kíyè sí ni pé bí ọmọ náà bá ti wà níbẹ̀, òórùn aṣọ tuntun máa ń wọ inú ọkọ̀, òórùn sítáàṣì aṣọ tí omi kò tíì kàn rí. Ó nu dígí. Ó pààrọ̀ dígí. Ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, oníṣègùn ní kí ó máa dúpẹ́, ojú rẹ̀ mọ́ ju ti ọ̀dọ́mọdé lọ.

Kò sí àárọ̀ kan tí ó rí ọmọ náà tí kò sọ̀ kalẹ̀ láti yí ọkọ̀ ká. Ìyá Ìbídàpọ̀, àgbà ìyàwó ilé tí ó ti lọ yí Káábà po ní Mẹ́kà rí, máa ń ti orí àga ibi tí ó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí wò ó.

“Àlùhájì Ayọ̀,” ni ó máa ń wí, “ó ku ìyípo mélòó?”

“Ẹ káàárọ̀, mà. Mo kàn ń wo táyà ni.”

“Táyà ò ní sá lọ. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wa.”

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì bú sẹ́rìn-ín, Ayọ̀ọlá náà a bá wọn rín in.

Àárọ̀ ọjọ́ kan wá dé tí oòrùn mọ́ kedere. Ayọ̀ọlá ti pẹ́ díẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró dè é. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó gbójú sókè wo dígí.

Dígí ṣófo.

Ògiri ni ó rí, àti àlàfo, àti títì níwájú àlàfo tí ọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó fọn fèrè, ó ki ọkọ̀ sí jíà ẹ̀yìn, ó sì fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Nígbà náà ni òórùn aṣọ tuntun náà wọlé, ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó tún wo dígí. Kò sí ẹnì kankan. Òórùn wà, ọmọ kò sí. Kò lè ṣàlàyé rẹ̀, kò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ìṣirò kan fún un tí ìdáhùn rẹ̀ kò pé. Ó pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láti lọ wo ìdí tí ọmọ náà kò fi wá.

Tẹniọlá ni ó lóṣòó sẹ́yìn ọkọ̀.

Aṣọ àwọ̀ ìyeyè wà lọ́rùn rẹ̀, àpò pupa wà ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà. Bàtà kan ṣoṣo ni ó wọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, ó sì fi ọwọ́ kejì tẹ ara bùútù pẹ́kípẹ́kí. Ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

“Dádì, èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.”

Ayọ̀ọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀.

“Ta ní ní kí o wá síbí?” Ohùn rẹ̀ kéré débi pé òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ.

“Ẹ̀yin náà lẹ pè mí,” ni ọmọ náà wí. “Ẹ fọn fèrè.”

Fọláyọ̀ sáré jáde pẹ̀lú bàtà kejì lọ́wọ́. Ọjọ́ ayẹyẹ ni ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi. Ó ti wọ aṣọ fún ọmọ tán, ó kàn bẹ̀rẹ̀ láti fa bàtà jáde lábẹ́ ibùsùn ni, nígbà tí yóò fi gbé orí sókè, ọmọ ti lọ. Ó wo ọmọ, ó wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, ó wo táyà ẹ̀yìn. Òun náà jókòó sílẹ̀.

“Aṣọ yìí,” ni Ayọ̀ọlá wí. “Ìgbà wo ló ti wà?”

“Àná ni télọ̀ tó wà ní Modákẹ́kẹ́ rán an tán. Mo fẹ́ fi yà yín lẹ́nu ni.”

“Àpò pupa yẹn ńkọ́?”

“Aṣọ náà ni kò tó. Télọ̀ ní òun rí èérún aṣọ pupa kan nílẹ̀, òun bá fi rán àpò rẹ̀.” Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ nídìí àwo ẹ̀wà. Ó di apá ọkọ rẹ̀ mú. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ jáde.”

Kò sọ ọ́ jáde. Ó dìde, ó gbé garawa kan wá, ó gbé e sí ibi tí ọmọ ti lóṣòó, ó sì padà lọ jókòó sídìí ọkọ̀ tí ó ti pa. Ó wo dígí àárín, ó wo ti ọ̀tún, ó wo ti òsì. Kò rí garawa. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kò lè gbé ohun tí ó kéré, tí ó sì súnmọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wá sínú ojú awakọ̀. Ohun tí ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn nìyí. Dígí yẹn kò lè fi ọmọ tí ó lóṣòó síbẹ̀ han ẹnikẹ́ni, ní ọjọ́ kankan. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, ó ń ronú lórí ohun tí ó ti ń rí láti ọjọ́ yìí wá.

Nígbà tí ó fi máa jáde, wọ́n ti gbé àga Bàbá Adésọjí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Ìbídàpọ̀ ti gbé Tẹniọlá sórí itan, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí pẹ̀lú àdúrà, ọmọ náà sì ń bèèrè ìgbà tí òun yóò jókòó níwájú ọkọ̀, níwọ̀n ìgbà tí òun ti borí.

“Ọlọ́run ṣeun,” ni Bàbá wí. “Ọmọ ò fara pa. Kí ẹnì kan máa dúró lẹ́yìn ọkọ̀ láàárọ̀, ó tán.”

“Ọjọ́ tí ẹni náà bá gbàgbé ńkọ́, sà?”

“A ó máa rán an létí.”

“Ẹ dákun, Bàbá, etí yín.” Ayọ̀ọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ọmọ inú dígí fún un ní jẹ́jẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá fi ọwọ́ pa ìbàdí rẹ̀.

“Ó kọjú sí ọ rí?”

“Rárá, sà. Ẹ̀yìn ló ń kọ sí mi.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìkìlọ̀ ló wá ṣe,” ni Bàbá wí. Nígbà tí ó yá, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ẹni pé wọn kò sọ ohunkóhun. “Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kò bá wọlé mọ́, èmi wá ńkọ́? Ṣé kí n máa wọ́ dé títì ni, kí wọ́n máa kí mi lọ́tùn-ún lósì pé ẹ pẹ̀lẹ́, arúgbó?”

“Ẹ ti darúgbó ná, kò sí irọ́ níbẹ̀,” ni Ìyá Ìbídàpọ̀ dá sí i.

“Ìwọ tí o ti gúnlẹ̀ sí Mẹ́kà, o kò tíì kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì rọlẹ̀ kíákíá. Gbogbo ojú wá wà lára Ayọ̀ọlá. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń retí pé yóò sọ apá kan, yóò sì sọ apá kejì, Bàbá yóò wá yan èyí tí ó bá wù ú. Fọláyọ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà, bàtà kékeré náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ayọ̀ọlá dọ̀bálẹ̀ fún olórí ẹbí, ó dìde, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sí i.

“Ọkọ̀ kankan kò ní wọ àgbàlá yìí mọ́, Bàbá,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì dé gbogbo yàrá. “Ìta ni tèmi yóò máa sùn. Apá mi ni ẹ ó máa dì mú dé títì.”