Ààwẹ̀ Tí Kò Ní Ìṣínu

Obìnrin aránṣọ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ gún régé. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bí àwọn oníbàárà bá lọ tán, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì wọn ìbàdí ara rẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá dín, kò ní jẹun.

"Ààwẹ̀ ni mo wà." Ohun tí ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Ta ni yóò bá alááwẹ̀ jà? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fi í ṣe àpẹẹrẹ, ìyìn wọn sì dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí àdúrà nínú ààwẹ̀ náà. Téèpù ni ó ń sìn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, sọ̀rọ̀ títí. "Àbúrò, èjìká rẹ ti dà bíi hángà."

"Ìlara ń pa yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lọ wá nǹkan ṣe sí ikùn yín."

Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un nínú oòrùn. Nǹkan oṣù rẹ̀ dúró. Nígbà mìíràn àyà rẹ̀ a lù, a sì sinmi, bí ẹni tí ń rò ó bóyá kí òun tún lù.

Lọ́jọ́ kan, máṣíìnì rẹ̀ há. Ó ránṣẹ́ pe bàbá tí ń tún máṣíìnì ṣe, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Díẹ̀díẹ̀ nítorí pé kì í kánjú. Bàbá tú súkúrúù, ó yọ bọ́bìnì. Ìkọ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ń yí, tí ń so òwú òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Nǹkan ti wé mọ́ ọn. Bàbá fà á, ó fà á, kò tán.

"Òwú wo lo fi ń ránṣọ, ọmọ mi?"

"Òwú dúdú ni, Bàbá."

"Èyí kì í ṣe òwú. Irun ni."

Ọwọ́ aránṣọ náà sáré lọ síbi ìborí tó fi bo orí rẹ̀ tí irun ti ń re. "Ààwẹ̀ ni mo wà, Bàbá."

"Ta lò ń gbà á fún? Èmi náà máa ń gbààwẹ̀, mo sì máa ń ṣínu. Ọ̀gá tí kò ní jẹ́ kí o ṣínu láéláé, kì í ṣe Jésù. Jésù a máa bọ́ ènìyàn ni."

Ó dìde láti lé bàbá jáde. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lulẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà kò fi bò fún un. "Díẹ̀ ló kù kí ọkàn rẹ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àìsàn ni kí ènìyàn máa febi pa ara rẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n a kò lè wo ohun tí o bá fi pamọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Aránṣọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sọ pé: "Irọ́ ni mo pa. N kò gbààwẹ̀. Oúnjẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Jésù, gbà mí! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí sílẹ̀."

Ìdáríjì dé lójú ẹsẹ̀. Ara kò yá lójú ẹsẹ̀. Ó ju ọdún kan lọ tí ó fi ń lọ gba ìtọ́jú. Lọ́jọ́ mìíràn, ogun ni ṣíbí oúnjẹ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kò dá ogun náà jà mọ́.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá ebi lo fi ń jẹ ara rẹ níyà. Bóyá ńṣe lò ń jẹ àjẹjù ní ìkọ̀kọ̀, tí o sì ń lọ bì í. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ tí o fi bò ó lè pa ọ́. Kristi ti rí ọ, kò sì kọ̀ ọ́. Ké pè é nísinsìnyí. Lẹ́yìn náà, sọ òtítọ́ fún ẹnì kan tí ó fẹ́ràn rẹ, kí ó bá ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Má dúró dìgbà tí wọn yóò gbé ọ lọ. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ, lónìí.