Idà Tí Kò Lórúkọ

Irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni, yìnyín ti bo gbogbo Berlin, ẹni tó ni ilé sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí èéfín sìgá rẹ̀ lè jáde, àmọ́ irin tí ọkọ mi gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Mo fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ojú tí Olúdàpọ̀ fi ń wò mí ni kò jẹ́ kí n jù ú.

Idà ni, idà àtijọ́ ti àwọn ará Japan, èyí kúkúrú. Bàbá Jámánì kan tó ń jẹ́ Elias ló fẹ́ tà á, lókè téńté ilé gogoro kan ní Lichtenberg, a sì ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Hamburg wá síbẹ̀. Ìdí tí Dàpọ̀ fi ń wá idà nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà láyé, ẹ má bi mí. Ó ní alágbẹ̀dẹ ni àwọn baba ńlá òun, ó ní Ògúnjìmí tí àwọn ń jẹ́ kì í ṣe orúkọ lásán. Mo bi í bóyá Japan ni àgbẹ̀dẹ wọn wà. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ti kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tí kò lówó má ṣe wo àkọ̀ tó ń dán, kí ó má wo èkù tí wọ́n fi òwú wé dáadáa, irin fúnra rẹ̀ ni kí ó wò. Nítorí náà ló ṣe ní kí Elias bọ́ èkù náà kúrò, kí òun lè rí ìdí irin, ibi tí alágbẹ̀dẹ máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Kò sí orúkọ níbẹ̀.

"Ìyẹn ló jẹ́ kí ó rọrùn," ni Elias sọ ní èdè Jámánì. "Ó gùn jù báyìí lọ nígbà kan. Ẹnì kan gé e kúrú kí ó lè bá ẹni tí kò ga mu, orúkọ sì bá ègé tó bọ́ lọ. Namenlos. Aláìlórúkọ ni."

Dàpọ̀ tẹ orí ba, ó wo ibi tí wọ́n ti gé e.

"Ó gbóná," ni mo sọ.

Elias na ọwọ́, ó fi ìka kan ìdí irin náà. "Rárá o, ìyáàfin. Ó tutù bí omi dídì."

Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ aláìlórúkọ yẹn ṣe fún ọkọ mi. A bí ọmọkùnrin kan ní Harburg, àdúgbò wa ní Hamburg, ọdún kẹta rèé. Àárẹ̀ ló bá wá sáyé. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ń béèrè lọ́wọ́ wa jẹ́jẹ́ pé kí ni orúkọ ọmọ. Dàpọ̀ ní lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ kẹjọ la ń sọmọ lórúkọ, pé òun ti ní i lọ́kàn, kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n ní sùúrù. Ikú ni kò ní in. Ọmọ náà dákẹ́ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, nígbà tí a sì fẹ́ sin ín, mo di ọkọ mi lẹ́sẹ̀ mú pé kí ó sọ orúkọ tó ti mú pa mọ́ fún un. Ó ní wọn kì í sọ òkú lórúkọ. "Kind Ògúnjìmí" ni wọ́n kọ sára pátákó ojú oórì rẹ̀, ọmọ Ògúnjìmí, kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irun ni mo ń dì ní St. Georg, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Hamburg. Ìyá Shalom máa ń wá sọ́dọ̀ mi, ìyá Ṣemílọ́rẹ máa ń wá. Tí ẹni tuntun bá wọlé, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá ta ni ká máa pè yín?" Màá rẹ́rìn-ín, màá ní kí wọ́n máa pè mí ní Àǹtí Níkẹ́. Mo lóyún, mo rọbí, mo fún ọmọ lọ́mú, síbẹ̀ mi ò lè sọ ìyá ẹni tí mo jẹ́. Orúkọ yẹn wà lẹ́nu ọkọ mi. Kò sí ohun mìíràn tí mo ń fẹ́ láyé ju pé kí ó ya ẹnu, kí ó sọ ọ́ fún mi.

A ra idà náà. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Hamburg, Dàpọ̀ kò gbé àpótí rẹ̀ sókè níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Orí itan ló gbé e lé, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti orí rẹ̀, kí ó má baà gbá dígí. Mo yíjú sí ìta, mo ń wo pápá tí yìnyín bò títí a fi dé.

Ó gbé e sínú yàrá kékeré tí a kùn ní ọ̀dà yẹ́lò nígbà tí mo wà nínú oyún, tí a kò tíì rí nǹkan fi ṣe. Ó ní ìtọ́jú rẹ̀ ní òfin. Wọn kì í fi ìka lásán kan ojú irin. Tí ó bá ti wà níta àkọ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, torí pé èémí àti itọ́ ń mú un dípẹtà. Ó ń fi òróró tó ń rùn bíi kànáfùrù pa á, ó ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún. Mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó, inú sì ń bí mi, torí pé mo ti rí bí ì bá ṣe máa wẹ ọmọ.

Kò pẹ́ tí ìpẹtà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Mo ń gbọ́únjẹ lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo gbọ́ igbe rẹ̀.

"Níkẹ́! Abeg, ṣé o sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ ni?"

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ bá irin sọ? Ìwọ gan-an, ìgbà wo la jókòó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?"

"Wá wò ó. Ẹnì kan ti ń mí sí i."

Mo sún mọ́ ọn. Ojú irin náà ń dán, mo rí ara mi nínú rẹ̀. Ìkùukùu kékeré kan wá yọ lójú rẹ̀, kò fẹ̀ ju ẹ̀yìn ṣíbí lọ. Ó parẹ́. Ó tún yọ, ó tún parẹ́. Dàpọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, èmi náà sé èémí mi, a dúró bẹ́ẹ̀. Ìkùukùu náà kò dúró dè wá. Ó ń yọ, ó ń parẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé imú tì í tó ń sùn.

Mo mọ èémí yẹn. Mo ti jókòó tì í rí, mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má dúró. Nígbà tí mo wo àyà mi, aṣọ mi ti tutù rin. Omi ọyàn ni, èyí tó ti gbẹ láti ọdún kẹta.

"Ká gbé e padà fún bàbá yẹn," ni Dàpọ̀ sọ lábẹ́lẹ̀. "Lónìí."

"Kò níbi tó ń lọ. Sọ orúkọ ẹ̀."

"Níkẹ́, please, má ṣe báyìí."

"Sọ orúkọ ọmọ mi fún mi."

Ó jáde kúrò nínú yàrá. Èmi náà jáde, mo wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn lọ sí St. Georg, mo ra oyin, mo ra iyọ̀, mo ra orógbó. Obìnrin tó tà wọ́n fún mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú oríire o! Ta ló bímọ?" Mo ní èmi ni.

Ní àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, oòrùn ti là dáadáa. Mo gbé idà náà sórí ìrọ̀rí nínú yàrá yẹ́lò, mo to àwọn àwo yí i ká, mo sì jókòó sílẹ̀. Dàpọ̀ wọlé wá, ó ti wọ agbádá. Mi ò ní kí ó wọ̀ ọ́. Ìfẹ́ tí mo ní sí i padà sọ́kàn mi wẹ́rẹ́.

"Bàbá ọmọ," ni mo sọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, "à ń gbọ́ o."

Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á.

"Kò sí," ló sọ.

"Kí ni kò sí?"

"Orúkọ. Mi ò tíì mú un. Mo rò pé ọjọ́ ṣì wà. Èyí tó dáa jù ni mo ń wá, mo ń wá a kiri, ó sì kú kí n tó rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú tì mí láti sọ fún ẹ."

Mo fẹ́ gbá a létí. Ẹkún ni kò jẹ́. Ẹnu tí mo ti ń bẹ̀ láti ọjọ́ yìí, òfìfo ni. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo tẹ orí ba lórí idà náà, mi ò bìkítà fún òfin kankan, mo fi oyin kan ojú irin, mo sì sọ orúkọ tí èmi fúnra mi fi ń pè é nígbà tó wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, torí mo ń dúró kí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ sọ tirẹ̀.

"Akínpẹ̀lúmi."

Ìkùukùu náà parẹ́, kò yọ mọ́. Irin náà tutù lábẹ́ ìka mi. Jìnnìjìnnì bò mí pé mo ti lé ọmọ mi lọ. Mo gbé orí sókè, mo pè é sókè, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ tó ń ṣeré níta pé kí ó wá jẹun. "Akínpẹ̀lúmi!"

"Ja?"

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ohùn náà ti wá, ó ń jẹ́ ìpè mi ní èdè Jámánì. Dàpọ̀ di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kì í ṣe ohùn ìkókó, ohùn ọmọ tó ti ń sáré kiri ni, tí eyín rẹ̀ ti pé. Kò sí èyí tó rò ó nínú àwa méjèèjì pé ó ti ń dàgbà. Mo kọ́kọ́ ronú pé níbo ló ti kọ́ Jámánì, mo sì rántí ibi tí a sin ín sí. Àwọn ọmọ Jámánì ló yí i ká níbẹ̀. Àwa kì í lọ, torí pé tí a bá dé ibẹ̀ a ò mọ ohun tí a máa pè é. Àwọn ìyá yòókù ń lọ. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á pe Anna, wọ́n á pe Jonas, wọ́n á sọ fún wọn pé màmá ti dé. Lẹ́nu wọn ló ti kọ́ ọ.

"Ìyá ẹ ni," ni mo sọ.

Kò gbọ́ Yorùbá.

"Mama," ni mo tún sọ. "Mama ni."

Ó béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀: "Welche Mama?"

Ó fẹ́ mọ èwo ni mo jẹ́ nínú àwọn màmá tó ń wá síbẹ̀.