Agbárí Pẹngúìnì Tó Di Òkúta

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, agbárí pẹngúìnì àtijọ́, ẹyẹ òkun tí kì í fò, pòórá nínú àpótí rẹ̀ ní ilé ìwádìí. Ó ti di òkúta. Irú rẹ̀ kò sí mọ́.

Ogójì ọdún ni Ọ̀gá ilé ìwádìí náà fi wá a. Dọ́kítà sì ti ní ojú rẹ̀ yóò fọ́ kó tó oṣù méjì. Kó rí ìrísí ọpọlọ ẹyẹ náà kó tó dìgbà náà, kò fẹ́ ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú egungun, tí wọn ì bá fi rí i, ti bàjẹ́.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yẹ àgádágodo wò. Ẹnikẹ́ni kò já a. Yàtọ̀ sí Ọ̀gá, èèyàn mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́.

Obìnrin agbálẹ̀ ní bí òun bá fẹ́ jalè, fíríìjì lòun ì bá gbé, kì í ṣe orí òkú ẹyẹ. Ayàwòrán, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà, jẹ́wọ́ pé òun àti Ọ̀gá jà lórí bó ṣe bàjẹ́, òun sì ti ń wáṣẹ́ síbòmíràn. Àbúrò Ọ̀gá ní egungun tútù, èyí tí kò tíì di òkúta, nìkan ni iṣẹ́ òun: òun a da rọ́bà olómi sínú agbárí pẹngúìnì òde òní, bó bá dì, òun a fà á yọ, ìrísí ọpọlọ a jáde.

Nínú ìdọ̀tí ẹ̀yìn ilé, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ rí rọ́bà kan tó tó ẹyin adìyẹ. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn rọ́bà tó wà lórí pẹpẹ àbúrò. Kókó ọpọlọ tí ẹyẹ fi ń gbóòórùn kò tó nǹkan lára àwọn yẹn. Lára èyí, ó yọ síta gbọ̀ngbọ̀n. Èérún òkúta lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó pe àbúrò.

“Inú agbárí àtijọ́ lèyí ti jáde. Nínú ẹ̀yin mẹ́ta, ta ló mọ rọ́bà í pò?”

Àbúrò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Èmi ni. Wọn ò ní tún ẹ̀rọ yẹn ṣe kí ojú ẹ̀gbọ́n mi tó lọ. Mo ní kí n ṣe é bíi ti àwọn tútù. Egungun tútù máa ń tẹ̀ díẹ̀ béèyàn bá ń fa rọ́bà jáde. Òkúta kì í tẹ̀. Bí mo ṣe fa rọ́bà, agbárí fọ́.”

“Ẹ wá ju rọ́bà nù, ẹ kó èérún agbárí pamọ́?”

“Ojú ló tì mí, alàgbà.”

Ọ̀gá ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

“O ò bá ti bi mí,” ló wí. Ó gba rọ́bà náà, ó gbé e sún mọ́ ojú.

Ojú rẹ̀ fọ́ ní oṣù karùn-ún.

Ohun tó kù: èérún òkúta mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú agolo bisikíìtì, ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́sàn-án tí ẹni tó kọ wọ́n kò lè kà mọ́, aṣọ iṣẹ́ àbúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò padà wá mú un.