Kọ́kọ́rọ́ Kan Ṣoṣo

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ọmọ awakọ̀ yìí kò tilẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta.

Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló yan nọ́ọ̀tì tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ mú. Àwọn olè ti tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lọ, wọ́n gbé ọkọ̀ náà jókòó sórí bíríkì bí arọ. Nígbà tí bàbá ra ẹsẹ̀ ọkọ̀ mìíràn, ó mú ọmọ rẹ̀ dání lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́jà irin.

Ọlọ́jà kó oríṣi nọ́ọ̀tì méjì síwájú wọn. "Èyí pọ́ọ́kú, àmọ́ sípánà wo ni kì í tú u? Èyí kejì, àfi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹyọ kan lórí ẹsẹ̀ kan ti tó. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ò ní èkejì o. Ẹ má jẹ́ kó kúrò nínú ọkọ̀."

"Èyí kejì ni, Bàbá," ni ọmọ náà wí.

Láti ọjọ́ náà, kí bàbá tó ṣíná sí ọkọ̀ láàárọ̀, á pe irin iṣẹ́ lórúkọ. Ọmọ rẹ̀ á yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀, á máa dáhùn.

"Jáàkì?"

"Ó wà, Bàbá."

"Táyà àpamọ́?"

"Ó wà."

"Kọ́kọ́rọ́ nọ́ọ̀tì?"

"Ó wà."

"Ọlọ́run náà wà," bàbá á wí, ó di ojú ọ̀nà.

Ọmọ náà ní ọ̀rẹ́ kan ní kíláàsì tí wọ́n ń pè ní Afínjú. "Mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá jàre. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ra irú ẹ̀."

"Bàbá mi á pa mí."

"Ọmọ ọwọ́! Ṣé wọ́n tiẹ̀ ti já ọ lẹ́nu ọmú?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ṣe é. Lọ́jọ́ Ajé, ó mú kọ́kọ́rọ́ fún Afínjú. Lọ́jọ́ kejì, ó dá bàbá lóhùn pé ó wà; nílé ìwé, Afínjú ní ẹ̀gbọ́n òun ti mú un jáde, ó di ọ̀la.

"Kọ́kọ́rọ́ nọ́ọ̀tì?" bàbá pè láàárọ̀ Ọjọ́rú.

Ọmọ náà ò tilẹ̀ yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ó wà."

"Ọlọ́run náà wà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dà lára ìyá rẹ̀, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Bàbá gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ọmọ gbé orí ìyá lé itan, wọ́n kọjú sí ilé ìwòsàn. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ìṣó fi gún táyà.

"Má mikàn, ìyàwó mi. Kò ní pẹ́." Bàbá bẹ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ku ẹyọ kan. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. "Fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Ọmọ gbá orí ìyá rẹ̀ mọ́ra.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá. Mo yá Afínjú láti ọjọ́ Ajé."

Bàbá ò nà án. Irin ló ń fi lu nọ́ọ̀tì náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ohun tí wọ́n fi lé olè ló dá onílé dúró. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fọwọ́ ara wa ti ìlẹ̀kùn mọ́ra wa sóde. Ọkọ̀ méje kọjá kí ẹnìkan tó dúró gbé wọn.

Nígbà tí agbẹ̀bí jáde, kò wo ojú wọn. "A dúpẹ́ ti ìyá. Ọmọ ti lọ. Ká ní ẹ tètè dé ni..."

Bàbá jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọmọ náà ń retí ìgbájú.

"Kò sẹ́ni tí nǹkan ò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀," bàbá wí pẹ̀lẹ́. "Ká ní o sọ ọ́ láàárọ̀, ǹ bá ti lọ gbà á padà lọ́dọ̀ Afínjú. Irọ́ yẹn ló dá wa dúró sọ́nà, kì í ṣe nọ́ọ̀tì."

Ọmọ náà bú sẹ́kún.

"Ọmọ mi, bí mo bá tún pe nǹkan tí kò sí, jọ̀ọ́, sọ fún mi pé kò sí."