Ọmọ-Ogun tí Kọ̀ǹpútà Kò Jẹ

"Ẹ ṣí báàgì yẹn kí a rí inú rẹ̀! Ìfura loògùn àgbà!"

Ẹ má rò pé ojú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ yìí o. Inú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlaròó ni. Bàbá kan tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn ló ń pariwo, báàgì tí wọ́n fi gbé kọ̀ǹpútà wá ló sì ń nàka sí. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti ẹnubodè Ìdí-Ìrókò pa, ẹnìkan kò gba ẹrù ẹnìkejì gbọ́ mọ́. Wọ́n ti bá ìrẹsì fàyàwọ́ lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, wọ́n ti bá a nínú táyà. Ta ni yóò wá fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí èèyàn kékeré kan nínú báàgì tó ń bá kọ̀ǹpútà ronú?

Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè, olùkọ́ ìṣirò, ṣí báàgì náà, ó sì gbọ̀n ọ́n. Wáyà nìkan ló jábọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lára kọ̀ǹpútà náà.

Roheemat ló jókòó ti ẹ̀rọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta tó o nínú ilé ẹ̀kọ́ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni láti ka ohun tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ṣe, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lórí pátákó. Òun nìkan ni ojú ẹ̀rọ kọ sí.

Ọ̀gá Nathaniel Akínbọ̀wálé, ẹni tó fẹ́ bá kọ̀ǹpútà ta ṣẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ náà, ló jókòó níwájú rẹ̀. Gíráńmásítà ni, oyè tó ga jù lọ tí ẹni tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lè jẹ. Ó ń lọ sí ìdíje kan ní Kútọnu nígbà tí wọ́n pa ẹnubodè dé mọ́ ọn lójú, ló bá yà sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìlaròó, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ìdí ọpọ́n ayò ni gbogbo àwọn ọmọ náà ti wá, wọn kì í sì í rí ohun tó ṣeé jẹ lórí pátákó kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ń bá wọn wí: "Ẹ̀yin ọmọ Ìlaròó, ṣé ebi ló ń pa yín ni? Gbogbo ohun tó bá ti wà níta kọ́ là ń jẹ!"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà ti ṣèlérí pé bí ọ̀gá bá borí kọ̀ǹpútà, àwọn yóò rán ọmọ tó mọ̀ ọ́n ta jù lọ sí ìdíje ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Roheemat ni ọmọ náà. Bí ọ̀gá kò bá borí, ó parí nìyẹn. Awakọ̀ Ìdí-Ìrókò ni Bàrúwà bàbá rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí. Kò sí bó ṣe lè rán an lọ.

Eré náà dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í há ọ̀gá mọ́ igun. Òógùn yọ níwájú orí ọ̀gá. Ó ronú títí, ó sún ayaba rẹ̀, ọmọ-ogun rẹ̀ kan, ọmọ tó kéré jù lọ lórí pátákó, sì wà níta láìsí olùgbèjà.

Roheemat wo ojú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ ka ọmọ-ogun náà sí. Ó ní kí wọ́n sún ọba òun sẹ́yìn ní ilé kan péré. Roheemat rí ọ̀nà méjèèjì kedere. Bí òun bá sún ọba, kò sí àsálà fún ọ̀gá mọ́. Bí òun bá fi ẹṣin jẹ ọmọ-ogun, ayaba kọ̀ǹpútà yóò wà ní ìhòòhò, ọ̀gá yóò sì mú un.

Ta ni yóò mọ̀? Aago ni Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè ń wò. Ọwọ́ Roheemat ni gbogbo èèyàn ń wò, kò sì sí ẹni tó ń wo ẹ̀rọ. Ó gbé ẹṣin, ó jẹ ọmọ-ogun.

"Kọ̀ǹpútà ti ṣìṣe!" ni Kòkúmọ́, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fi igbe ta. "Ọ̀gá, ẹ mú ayaba!"

Ọ̀gá Nathaniel kò mú nǹkan kan. Ó wo ẹṣin náà, ó wo Roheemat, ó tún wo ẹṣin bí ẹni tó rí aṣọ ara rẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn.

"Roheemat, ṣé ohun tí kọ̀ǹpútà wí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gá gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí tábìlì, kò sì ta mọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn dìde.

"Ẹ ò rí i? Òun àti àwọn tó ni kọ̀ǹpútà ti jọ sọ ọ́! Kò fẹ́ borí ni! Ẹ bi í léèrè ohun tó gbé e wá sí ìlú yìí gan-an. Ta ló rí i nígbà tó ń lọ sí Kútọnu?"

"Amí ni!" ni ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé a mọ àwọn tó ń lọ ṣòfófó wa fún kọ́sítọ́ọ̀mù ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Roheemat lọ́kàn. Oṣù tó kọjá ni ẹnìkan lọ sọ pé Bàrúwà kó ìrẹsì pamọ́ sílé. Àwọn aṣọ́bodè tú ilé wọn títí kan ìkòkò ọbẹ̀, wọn kò bá nǹkan kan. Síbẹ̀, ìwò olè ni àwọn ará àdúgbò ń wo bàbá rẹ̀. Ẹni tó máa ń wà ní sàfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́ àwọn olùkírun, ní mọ́sáláṣí ti wá ń kírun lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Òun tó mọ bó ṣe ń dunni tó ló wá gbé irú ẹ̀wù ìfura yẹn wọ ọ̀gá rẹ̀ yìí! Ojú tì í débi pé kò lè jókòó mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́! Ọ̀gá kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Kọ̀ǹpútà ní kí n sún ọba, èmi ni mo lọ jẹ ọmọ-ogun." Ó yí ojú ẹ̀rọ sí gbogbo èèyàn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Roheemat kò tilẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

"Sà, báwo lẹ ṣe mọ̀?" ni ó fi omijé béèrè.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá kọ̀ǹpútà ta ṣẹ́ẹ̀sì," ni ọ̀gá dáhùn. "Kò ṣàánú mi rí, ebi kì í sì í pa á. Bí mo ṣe rí i pé wọ́n jẹ ọmọ-ogun yẹn, mo ní, ọmọ Ìlaròó lèyí. Èmi ni mo kọ́ ọ, Roheemat. Mo mọ ọwọ́ rẹ."

"Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta ni."

"Mo mọ̀. Ó wu èmi náà kí o lọ. Ṣùgbọ́n dá ẹṣin padà síbi tó wà. Dá ọmọ-ogun mi padà fún mi. Kí o wá fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà wí."

Roheemat dá wọn padà. Ó sún ọba. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọ̀gá dá ọba tirẹ̀ dùbúlẹ̀, àmì pé ó ti pàdánù, tó sì bọ Roheemat lọ́wọ́ bí ẹni pé ọmọ náà gan-an ló na òun.

Bàbá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn rìn wá síwájú. "Ọ̀gá, ẹ foríjì wá," ni ó wí. "Ẹnubodè tí wọ́n tì yìí ti sọ gbogbo wa di kọ́sítọ́ọ̀mù."

Ẹnikẹ́ni kò lọ sí Abẹ́òkúta lọ́dún yẹn. Láti ìgbà náà, bí Roheemat bá ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ọwọ́ rẹ̀ ni Kòkúmọ́ máa ń ṣọ́, kì í ṣe pátákó. Ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò jà.

Nígbà tí Roheemat ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàrúwà ní kí ó jókòó.

"Wọ́n fura sí èmi, n kò ṣẹ̀," ni ó wí. "Wọ́n fura sí ìwọ, o ṣẹ̀. Èwo lo rò pé ó wúwo jù?"

"Tèmi ni, Bàbá. Ẹ̀yin ṣì ń rí oorun sùn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìfura tí ayé bá fi irọ́ dì lé ni lórí, bó pẹ́ bó yá, yóò jábọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá fi ọwọ́ ara wa rà mọ́ ara, àwa náà la ó fi ọwọ́ ara wa wẹ̀ ẹ́ nù, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa ṣí.